Oṣù Mẹ́jọ Péré Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Tọrọ

Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán ná. Tí mo bá rò ó tán, ẹ ó rí i pé èébú tí ẹ kó dání gan-an ò tó.

Mo-ti-rí-i ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Ohun yòówù kí ẹ máa wá, kí ẹ tó pa ẹnu dé, màá ti ní, "Mo ti rí i." Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ẹ̀karùn-ún lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọjà síwájú mi, màá sọ iye tí wọ́n rà á fún yín, màá sọ iye tí wọ́n máa gbà á, màá tún sọ irọ́ tí ẹni tó ń tà á máa kọ́kọ́ pa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kàwé nínú wa. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, òun ló pọ̀n mí dàgbà. Ọ̀rọ̀ omi ló kọ́ níléèwé gíga: bí omi ṣe ń bàjẹ́, àti ohun tí èèyàn lè ṣe kó tún dára. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró gbà á síṣẹ́, òun náà ló mú mi wọbẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá pé, "Àbúrò mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rán an níṣẹ́ wò." Bí mo ṣe di ẹni tó ń bá wọn ra nǹkan nìyẹn.

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí a bá pa aṣọ láró pupa, odò á pọ́n. Lọ́jọ́ tí a bá pa á láró búlúù, odò á di búlúù. Àwọn tó ń gba orí afárá lọ síbi iṣẹ́ máa ń ta tẹ́tẹ́ lórí àwọ̀ tí odò máa wọ̀ lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á wo odò yẹn sàn. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ mẹ́ta. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ kún wọn, ó gbin eèsún sáàárín òkúta náà, ó wá ń jẹ́ kí apá kan omi aró gba ibẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ kó tó dódò. Ìyókù ṣì ń gba kòtò kẹ́míkà àtijọ́, èyí tó ń pa oró omi ṣùgbọ́n tí kì í mú àwọ̀ rẹ̀ kúrò. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, kò sí kẹ́míkà, kò sí ẹ̀rọ tó ń pariwo. Pọ́ǹpù kan ṣoṣo ni.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé eèsún yìí ló ń mu aró ni?"

"Rárá o." Ó ki ọwọ́ bọ kòtò, ó mú òkúta kan jáde. Nǹkan kan bò ó, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí ikun imú. "Òṣìṣẹ́ mi gan-an nìyí. Ohun ẹlẹ́mìí ni, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń jẹ aró. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pọ̀ tó. Oṣù mẹ́jọ ni mo fẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òkúta mi."

Mo ní mo ti gbọ́. Fóònù wà létí mi, mò ń bá ọkùnrin kan ná táyà.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta làwọn onípìn-ín máa ń wá, ìyẹn àwọn tó lowó tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. Tí ọjọ́ wọn bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀gá wa á bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan kúrú kí èrè lè dára lójú. Lóṣù kẹta, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá gba mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi bá a nínú ọ́fíìsì. Mo wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ti gbà fún mi pé oṣù mẹ́jọ."

"Èmi gbà. Àwọn yẹn ni ò gbà. Oṣù mẹ́ta nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Bí ìyàwó wọn bá lóyún, tó bá ti poṣù mẹ́ta, wọ́n á ní ọmọ dà."

Èmi àti ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó máa fi poṣù márùn-ún, omi tó wọlé bíi tàdáwà ti ń jáde bí omi tíì tí wọ́n ti bu omi là lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé e sínú ife káàkiri bí ẹni gbé ìkókó. "Ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe ń mọ́ bọ̀!" Ṣùgbọ́n lójú àwa tá ò kàwé, omi ìdọ̀tí ni omi ìdọ̀tí. Eèsún náà ò ga ju orúnkún lọ. Òkúta ti dúdú. Ibẹ̀ sì ń rùn díẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ní ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ Ajé, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì òun á dé. Ó tún tẹnu mọ́ ọn fún mi lẹ́nu géètì: "Òkúta mi o."

"Ẹ lọ ná, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé wọ́n ń jí òkúta ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè mí.

"Mo-ti-rí-i, ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í.

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní táwọn ò bá rí ohun tójú lè rí, kí n dí kòtò yẹn, káwọn fi ṣe ibi tí lọ́rì á máa dúró sí."

"Ọ̀gá, ó ṣì ku oṣù mẹ́ta."

"Tí mo bá lóṣù mẹ́ta lọ́wọ́, ṣé màá pè ọ́?" Ó sún mọ́ mi. "Kí lo máa ń ṣe tó o bá fẹ́ ta ọkọ̀ àlòkù?"

"Màá fọ̀ ọ́. Màá fi òróró nu táyà ẹ̀ kó máa dán."

"Ṣé o rí i? O kàwé jù mí lọ." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀ka márùn-ún la ní. Tínú wọn bá dùn síbí, wọ́n á gbẹ́ irú ẹ̀ sí gbogbo wọn. Ta lo rò pé á máa kó òkúta àti eèsún wá? Ìwọ nìkan."

Ẹ̀yin èèyàn mi, "ìwọ nìkan" yẹn dùn létí mi ju orúkọ tí ìyá mi sọ mí lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé mo tún dá ara mi láre. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ ràn lọ́wọ́. Mo ní àwọn oníwèé ò mọ ọjà tà, pé ojú ló ń kọ́kọ́ rajà kí ọwọ́ tó sanwó.

Mo yọ fóònù kí n pè é. Mo wá rò ó pé tí mo bá pè é, rárá ló máa sọ. Mo dá fóònù padà sápò.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ibòmíì ni.

Lọ́jọ́rú, mo kó alágbàṣe márùn-ún wá. Rédíò ni olórí wọn. Ẹ kúkú mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀: kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Mo fún wọn ní rọ́bà omi méjì àti ọṣẹ ìfọṣọ páálí kan. Wọ́n fa eèsún ẹ̀gbọ́n mi tu, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn ògiri. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ òkúta.

"Ọ̀gá mi," Rédíò ní, "kí ló ń yọ̀ báyìí?"

"Ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí yìí mà le o. Ó ń di òkúta mú bí ẹni tí ò fẹ́ kú."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Mo wá lọ bá obìnrin kan tó ni àbàtà lẹ́yìn ìlú.

"Ìyá, eèsún gígùn ni mo fẹ́, èyí tó ga jù mí lọ. Igba ìdì."

"Ṣé onígbòǹgbò ni, àbí kí n kàn bá yín gé e?"

"Èwo ló wọ́n nínú méjèèjì?"

"Ẹni tó bá fẹ́ kó yè á ra onígbòǹgbò."

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yè."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Àbí òkú lẹ fẹ́ fi bò ni?"

Mo ní kó fi àwàdà sílẹ̀, kó dín owó kù. Ó dín in. Mo mọ ọjà ná, ẹ má wulẹ̀ jiyàn.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, òkúta funfun bí eyín. Eèsún dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n da omi aró ọjọ́ méjì pa mọ́ sínú kòtò kẹ́míkà àtijọ́, omi ẹ̀rọ lásán ló ń gba abẹ́ òkúta kọjá.

Márùn-ún làwọn onípìn-ín tó wá. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn ló ṣáájú wọn, Màmá ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ní kí wọ́n bá òun fi ife bu omi náà. Ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Ó mọ́ ju èyí tí mo mu láàárọ̀ yìí lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ya fọ́tò. Orí mi wú. Màmá wá yíjú sí ọ̀gá.

"Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Kí la tún ń náwó ìwádìí sí? Láti ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ kí gbogbo omi ilé iṣẹ́ máa gba ibí. Ẹ ti kòtò kẹ́míkà yẹn pa, owó tó ń jẹ ti pọ̀ jù."

Ọ̀gá yanu, ó tún pa á dé. Ó wò mí. Mo wo bàtà mi.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Ẹ kú oríire! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín."

"Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún kí ni? Oṣù karùn-ún la ṣì wà."

"Inú wọn dùn ni."

"Kí ni wọ́n rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa ń da ara yín láàmú jù. Ọkọ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣe é tán, ó ń sùn." Lẹ́yìn náà ló ní, "O ṣeun, àbúrò mi, tó o bá mi dúró síbẹ̀."

Ẹ gbọ́ o. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé, aró pupa la lò. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tú sínú kòtò mẹ́ta yẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi dé. Kò dé ọ́fíìsì, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ. Eèsún igba ìdì ti gbẹ, wọ́n ti dorí kodò bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Ó fa ọ̀kan yọ. Ojú àdá ló rí nídìí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ òkúta títí dé ìgbúnwọ́, ó fi ìka pa ẹyọ kan. Kò yọ̀ mọ́. Ó ń ha ni.

"Ta ló fọ òkúta mi?"

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ǹ bá sọ òótọ́. Èmi ni mo pariwo.

"Wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ̀? Ta ni aláìlójútì yẹn? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Màá wá a jáde! Màá fi imú ẹ̀ dánrin! Ṣé ilé iṣẹ́ yìí ò lólùṣọ́ ni?"

Bí mo ṣe ń jà bẹ́ẹ̀ ni Rédíò yọ láti ìdí ògiri, ṣọ́bìrì wà léjìká rẹ̀. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn.

"Mo-ti-rí-i! Ọ̀gá mi àtàtà! Ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí látijọ́ tá a ti fọ òkúta yín o! Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ fọ òmíì, ẹ má pe ẹlòmíì. Ọṣẹ yẹn ṣì kù nílé mi!"

Ó juwọ́, ó kọjá lọ. Ó ń súfèé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo Rédíò. Èmi ló ń wò.

"Ọṣẹ," ó ní. "O tún fi ọṣẹ sí i."

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, nínú ẹrẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ dí i pa ni. Mo ní kí n fi gbà yín lọ́wọ́ wọn."

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pa àwọn òṣìṣẹ́ mi, ṣé fóònù wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo bi ọ́ ni. Ṣé fóònù wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà."

Ó dìde, ó sáré lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n pa pọ́ǹpù. Ọ̀gá ní, "Ó ti wà nínú ìwé ìròyìn. Tí mo bá pa á lónìí, àlàyé wo ni mo fẹ́ ṣe?" Kò pa á.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó ń sin ẹja nísàlẹ̀ odò wá sẹ́nu géètì wa. Odò yẹn ló ń wọ inú adágún rẹ̀. Ó ru agbada, ẹja tó ti kú kún inú rẹ̀, ẹnu wọn pọ́n bí aṣọ wa. Ó fi ìwé ìròyìn bò wọ́n. Ìwé ìròyìn náà ló gbé fọ́tò Màmá àti ife.

"Mi ò mọ̀wé," ó sọ fún olùṣọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára ibí yìí."

Olùṣọ́ kà á fún un. "Omi wa ti mọ́."

Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣeun." Ó sọ agbada kalẹ̀ lẹ́nu géètì, ó yíjú padà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn onípìn-ín ti gbọ́ nípa ẹja náà, wọ́n dé wìtìwìtì. Ọ̀gá kọ́kọ́ fà mí sí kọ̀rọ̀. "Wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Kọ́ńtíráàtì ẹ wà lórí tábìlì mi. Ẹnu ẹ ló máa pinnu bóyá màá buwọ́ lù ú."

Bí mo ṣe jáde, ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti rù láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

"Mi ò ní kó o bá mi bẹ̀bẹ̀," ó ní. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Sọ fún wọn pé ìwọ lo fọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá mọ̀ pé wọ́n fọ̀ ọ́ ni, wọ́n á mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ṣeé ṣe. Mo lè tún un bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rò pé ó kàn kùnà fúnra ẹ̀ ni, kò ní sẹ́ni tó máa tún dán an wò mọ́. Níbí àti níbòmíì."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

A wọlé. Màmá gbé ọ̀pá rẹ̀ sórí itan. Ojú rẹ̀ ò le, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Wọ́n fọ òkúta mi, mà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ti kú kẹ́ ẹ tó dé lọ́jọ́sí. Omi ẹ̀rọ lẹ bu."

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò nawọ́ sí mi. Ó lè nawọ́. Ó kàn yíjú, ó ń wò mí, bó ṣe máa ń wò mí ní kékeré tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́nà ọ̀fun. Ó ń dúró dè mí.

Ọ̀gá wúkọ́.

Màmá ní, "Ìwọ lò ń bá wọn ra nǹkan. Ǹjẹ́ o mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ òkúta yìí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo tọ́ ọ wò. Mo ro ẹ̀ka márùn-ún. Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi kàwé, kò ní ríṣẹ́ tì. Èmi ìwé mẹ́rin, ta ló máa gbà mí?

"Mi ò mọ nǹkan kan, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú kúrò lára mi. Títí dòní, kò tíì gbé e padà.

Màmá mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, kì í ṣe pé a burú," ó sọ fún un. "Àwọn tó gbé owó lé wa lọ́wọ́ náà ń bi wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí n sọ fún wọn pé òkúta ló kú?"

Wọ́n ní kó máa lọ. Ilé iṣẹ́ aláró méjì mìíràn lókè odò ti ń retí àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀. Àwọn náà kọ̀wé pé àwọn ti gbọ́ pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ka márùn-ún ńkọ́? Ta ló tún fẹ́ gbẹ́ kòtò? Kọ́ńtíráàtì kan ṣoṣo ni ọ̀gá fún mi: sìmẹ́ńtì tí wọ́n máa fi dí kòtò mẹ́ta yẹn pa, kí lọ́rì lè máa dúró síbẹ̀. Mo gbà á. Mo tún ná sìmẹ́ńtì náà wálẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ tí wọ́n ń dà á ni ẹ̀gbọ́n mi wá kó bàtà òjò rẹ̀ àti àwọn ife rẹ̀ sínú páálí kan. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tó ń já sìmẹ́ńtì.

"Ta ló kó o wá?"

Awakọ̀ nawọ́ sí mi.

Ó wo sìmẹ́ńtì tútù yẹn fún ìgbà pípẹ́. "Ó dáa," ó ní. "Èyí ò ní bàjẹ́ tí ẹnì kan bá fọ̀ ọ́."

Ó gbé páálí rẹ̀ karí, ó lọ.

Odò ṣì ń pọ́n, ó ṣì ń di búlúù. Obìnrin ẹlẹ́ja ti kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù mi. Mo lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn. Tó bá ti ní "Kò sí nílé," màá máa gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Òun ló máa ń kà á sókè fún mi nígbà tí mi ò tíì lè kà á fúnra mi. Nítorí náà, mi ò wá gba ẹ̀yin òǹkàwé nímọ̀ràn, ẹ kúkú gbọ́n jù mí lọ. Ẹ sún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ yín ò kùnà. Èmi ni mo fọ òkúta yẹn.